Orúkọ Ńlá, Gbèsè Ńlá: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Ilé Ẹ̀kọ́ fún Másítà Social Work

 

Mi ò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀ social work. Gbogbo wa la ti bá àwọn òṣìṣẹ́ social work pàdé ní ilé ìwòsàn, ní kóòtù ọmọdé, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà. Ọdún 2 ni ẹ̀kọ́ másítà rẹ̀ sábà máa ń gbà. Ìbéèrè wa ni pé: bí ilé ẹ̀kọ́ olórúkọ bá gba ọmọ wọlé, tí ti ìjọba tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n náà sì gbà á, èwo ni kó lọ?

New York tí a wà yìí tó àpẹẹrẹ. Láti 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ social work ti Columbia ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fojú tín-ín-rín rẹ̀. Kò jìnnà sí i, ní East Harlem, ni Silberman ti Hunter College wà, ilé ẹ̀kọ́ ti ìjọba, tí owó tí ará ìpínlẹ̀ yìí ń san níbẹ̀ fi kéré gan-an sí ti Columbia. Àjọ kan náà, Council on Social Work Education, ló fọwọ́ sí méjèèjì. Àjọ yìí ló ní ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ másítà kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 900. Nígbà tí wọ́n bá ṣetán, ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe kí wọ́n tó gba LMSW, láísẹ́ǹsì òṣìṣẹ́ social work tó ní másítà.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní ọmọ àlejò, aláwọ̀ dúdú, nílò orúkọ ńlá ju ẹnikẹ́ni lọ kí wọ́n tó kà á sí. Mo mọ ohun tó bí ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú wa ti rí nǹkan nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ náà ń mú wálé? Ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fún May 2023 fi hàn pé ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ social work ní Amẹ́ríkà ni kò gbà tó $58,380 lọ́dún. Mo ti bójú tó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Èyí tó mọ iṣẹ́ jù nínú wọn, tó mọ bí a ṣe ń jókòó ti ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló ti wá. Òmíràn tóun náà dáńgájíá, gbèsè ló lé e kúrò nídìí iṣẹ́ tó fẹ́ràn. Àwọn tí ì bá ràn lọ́wọ́ ló pàdánù, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú: àwa la ń ti àwọn ọmọ. A fẹ́ ròyìn orúkọ ilé ẹ̀kọ́ níbi ìnáwó, bẹ́ẹ̀ ọmọ ni yóò san gbèsè. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n bí sìkọ́láṣíìpù bá sọ owó méjèèjì di ọgbọọgba, kó lọ síbi olórúkọ. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìwádìí ló ń lé, orúkọ àti àwọn olùkọ́ ibẹ̀ níye lórí.

 Ọ̀nà wà tí ìnáwó àti gbèsè fi lè dín kù. Ẹni tó ti gba dígírì àkọ́kọ́ nínú social work níbi tí Council on Social Work Education fọwọ́ sí lè parí másítà láàárín nǹkan bí ọdún kan.

Ètò ìdáríjì gbèsè tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007 náà lè pa ìyókù ẹ̀yáwó ìjọba rẹ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti àjọ aláàánú, lẹ́yìn ìsanwó ìgbà 120. Kò kan ẹ̀yáwó báńkì. Òfin July 2025 sì ti fòpin sí Grad PLUS, ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà, fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti July 2026. Báńkì ni ọ̀pọ̀ yóò sá tọ̀ fún àlàfo owó ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè ibi tí ọmọ yóò ti kọ́ṣẹ́, ẹni tí yóò bójú tó o, àti iye tí yóò yá. Bí èsì àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà lórí ìkọ́ṣẹ́ bá dọ́gba, èyí tó dínwó ni kó lọ.