Òórùn Ẹsẹ̀: Ohun Tí Ń Fà Á, Ìtọ́jú Rẹ̀, àti Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Ẹdẹ

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ òórùn ẹsẹ̀ ni. Ẹlòmíràn a máa lọ́ra lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kí ó tó bọ́ bàtà. Bí a bá sì pe ìpàdé ẹgbẹ́ sí ilé tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, yóò ní òun kò ráyè. Bẹ́ẹ̀, ibi ìpàdé ni a ti ń gbọ́ ìṣirò owó, ibẹ̀ náà ni a ti ń fọwọ́ sí owó yíyá. Ẹni tí kò wá kò lè dá sí i. Ohun tí ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ń ná ènìyàn ní owó àti iyì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba.

OHUN TÍ Ń FÀ Á

Òórùn ẹsẹ̀ kì í ṣe èpè, kì í ṣe àsàsí. Kì í sì í ṣe pé ọ̀bùn ni gbogbo ẹni tí ó ní in.

Orísun òógùn tí ó wà ní ẹsẹ̀ wa méjèèjì tó nǹkan bí 250,000. Òógùn náà fúnra rẹ̀, nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé lára awọ gbogbo ènìyàn. Bí ẹsẹ̀ bá rin fún òógùn nínú bàtà tí atẹ́gùn kò wọ̀, wọn a pọ̀ sí i, wọn a máa jẹ òógùn náà àti awọ tí ó ti kú ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yọ jáde lẹ́yìn oúnjẹ wọn ni ó ń rùn.

Ẹ̀fọn pàápàá mọ òórùn yìí. Ní ọdún 1996, Bart Knols àti Ruurd de Jong, àwọn onímọ̀ ará Netherlands, kọ̀wé pé ẹ̀fọn Anopheles gambiae, tí ń gbé ibà kiri ní ilẹ̀ Áfíríkà, a máa tẹ̀ lé òórùn wàràkàṣì òyìnbó kan tí à ń pè ní Limburger, nítorí pé ó jọ òórùn ẹsẹ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2011, Fredros Okumu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tanzania ń fi irú òórùn bẹ́ẹ̀ dẹ pàkúté fún ẹ̀fọn. A kò wí pé kí ẹni tí ó fọ ẹsẹ̀ má ta nẹ́ẹ̀tì mọ́ o. Ohun tí a ń wí ni pé iṣẹ́ kòkòrò ni òórùn náà, ohun tí a sì mọ ìdí rẹ̀, a lè tọ́jú rẹ̀.

Àwọn tí ó máa ń bá jù ni àgbẹ̀ tí ó fi bàtà rọ́bà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, awakọ̀, ọmọ ilé ìwé tí ń wọ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀rá, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, aboyún, àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń làágùn púpọ̀ láti ìdílé wá.

Ẹnìkan lè bi wá pé, àwa tí a ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ńkọ́? Fífọ ẹsẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá nù ún, tí a ki í bọ ìbọ̀sẹ̀ ní tútù, ibùgbé ni a pèsè fún àwọn kòkòrò náà.

ÌTỌ́JÚ ÀTI ÌDÈNÀ

Èkíní, ẹ máa fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ẹ fọ àárín ọmọ ìka dáadáa, kí ẹ sì nù ún gbẹ.

Èkejì, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má yí èyí tí ó ti dọ̀tí padà wọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí agbára bá gbé e, ẹ ní bàtà méjì. Bí ẹ bá wọ ọ̀kan lónìí, kí ìkejì wà níta kí ó gbẹ. Bàtà rọ́bà oko, ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé orí igi. Nígbà òjò, ẹ ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀ kí ó fa omi. Bàtà òkirikà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, bí àárín ọmọ ìka bá ń yún, tí ó ń bó, tí ó sì funfun, ọmọ ìyá làpálàpá ni. Ẹ ra ìpara clotrimazole tàbí Whitfield ní kẹ́mísìtì. Bí ó bá ti san, ẹ tún máa fi pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò padà wá.

Ẹ̀karùn-ún, bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá dá ihò wẹ́wẹ́ tí ó sì ń rùn gidigidi, ẹ lọ rí dókítà, ó ní ìpara tí ń pa kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òógùn rẹ̀ pọ̀ jù lè béèrè oògùn tí ó ní aluminium chloride nínú. Alẹ́ ni à ń fi í pa ẹsẹ̀ tí ó gbẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da Izal tàbí kẹrosíìnì sí ẹsẹ̀. Bíbó ni yóò bó yín lára.

ÈYÍ TÍ Ó LÉWU

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń rùn, tí egbò wà níbẹ̀, tí ó ń ṣe ọyún, tí ó wú tàbí tí ó ń dúdú, èyí kì í ṣe òórùn bàtà mọ́. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ lè ní egbò ní àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó má sì dùn ún rárá. Òórùn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé. Kí ó má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, kí ó má sì dúró de ọjọ́ ọjà. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, ìdádúró ni ó gé e. Kí alátọ̀gbẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́. Bí ojú bá ti ń ṣe bàìbàì, kí ọmọ bá a wò ó.

IṢẸ́ TI ẸGBẸ́

Ẹgbẹ́ tí ń para pọ̀ ra ajílẹ̀ lè para pọ̀ ra ìbọ̀sẹ̀ òwú àti bàtà oko fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní owó tí ó rọjú. Ẹ gbé omi, ọṣẹ àti aṣọ ìnusẹ̀ mímọ́ sí ẹnu ọ̀nà ibi ìpàdé, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ láàrin àwùjọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó pè é sí kọ̀rọ̀, kí ó sọ ohun tí a sọ yìí fún un. Nígbà tí ẹ̀rù bàtà bíbọ́ kò bá bà á mọ́, yóò wá jókòó pẹ̀lú wa.