Orúkọ Ọmọ Ilé-Oúnjẹ Inú Ọkọ̀ Ogun
(Àsọyé tí a sọ fún ẹgbẹ́ ní Mazamaza)



Kò sí ẹni tí ń gbé Mazamaza tí kò tí ì pàdé àwọn ọmọ ogun ojú omi ní ọ̀nà Bàdágírì, nítorí Navy Town kò jìnnà sí wa. A mọ aṣọ funfun wọn. Orúkọ wọn ni a kò mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú ìtàn Doris Miller wá, ọkùnrin dúdú ará Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Dorie.

Ìlú Waco ní Texas ni a bí i sí ní 1919. Nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ní 1939, iṣẹ́ ilé-oúnjẹ ni wọ́n ń fún irú rẹ̀: kí ó gbé àwo, kí ó kó aṣọ ìdọ̀tí àwọn ọ̀gá. Wọn kò kọ́ ọ ní ìbọn tí a fi ń já ọkọ̀ òfurufú.

Aṣọ náà ni ó ń kó nínú ọkọ̀ West Virginia ní Pearl Harbor, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 7 oṣù Dìsẹ́mbà, 1941, nígbà tí àwọn ará Jàpáánì dé láti ojú ọ̀run. Ó gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́; ó wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀gá ọkọ̀ náà, Mervyn Bennion, kúrò lójú ewu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbẹ́ rẹ̀ ni ó pa á. Lẹ́yìn èyí ni Miller di ìbọn arọ̀jò-ọta mú, ó sì ń yìn ín títí ọta fi tán. Àwọn kan a máa ka iye ọkọ̀ òfurufú tí ó já. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀, èyí tí ó ṣe ti tó.

Ìròyìn akọni yìí tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n “ọkùnrin dúdú ilé-oúnjẹ kan” lásán ni wọ́n pè é. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tí baba àti ìyá sọ lórúkọ! Ìwé-ìròyìn àwọn ènìyàn dúdú, Pittsburgh Courier, kò gbà. Ó béèrè, ó tún béèrè, títí orúkọ náà fi jáde ní oṣù Máàṣì, 1942. Ní ọjọ́ 27 oṣù Mèé, Ọ̀gágun ojú omi Chester Nimitz fi àmì-ẹ̀yẹ Navy Cross kọ́ ọ láyà. Kò sí ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà tí ó gbà á ṣáájú rẹ̀.

Síbẹ̀ ilé-oúnjẹ náà ni ó padà sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Nòfẹ́mbà, 1943, ọkọ̀ abẹ́ omi Jàpáánì kọlu ọkọ̀ Liscome Bay, ó rì, Miller sì bá a lọ, ní ọmọ ọdún 24. Ó di 2020 kí wọn tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ńlá agbé-ọkọ̀-òfurufú kan, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń fi orúkọ ààrẹ sọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ yìí kò pọ̀. Kí akọ̀wé wa ṣí ìwé kan, kí a máa kọ orúkọ àwọn ọmọ àdúgbò wa tí ó ti ṣiṣẹ́ lójú omi sínú rẹ̀, ti ọ̀gágun àti ti asè.