Láti Imú dé Ọpọlọ: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n Ṣáájú



Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1847, nílé ìwòsàn Richmond nínú ìlú Dublin, John MacDonnell gé apá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Kane. Éétà ni wọ́n ní kó fà símú kí oorun lè gbé e lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n lò ó fún iṣẹ́ abẹ ní Ireland, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí William Morton, oníṣègùn eyín, ṣe irú rẹ̀ ní Boston. MacDonnell ti kọ́kọ́ fà á símú fúnra rẹ̀ kó tó gbé e fún aláìsàn. Akin ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló fi dán an wò nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè fi mọ iye tí yóò dé ọpọlọ. Ohun tó ká mi lára lónìí ni pé kí a mọ iye náà kí ẹnikẹ́ni tó fà á símú rárá.

Éétà wà lára àwọn èròjà tó ń yára di afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n ooru 35 ló ti ń hó, bẹ́ẹ̀ 37 ni ooru ara èèyàn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Draperstown àti Cookstown ní àríwá erékùṣù Ireland ń mu ún bí ọtí, ó sì ń di afẹ́fẹ́ nínú ikùn wọn. Bẹtiróòlù, tíńà àwọn akunlé, asetóònù tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, toluene inú gọ́ọ̀mù, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn.

Ọpọlọ ní ibodè tó le. Ó ń dá ọ̀pọ̀ oògùn padà, èyí tó bá sì yọ́ wọlé, ó lè tún tì í síta. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà tí mò ń sọ yìí kéré, wọ́n ń yọ́ nínú ọ̀rá, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù lára ògiri ibodè náà. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè. Ìdí nìyí tí ìṣirò tiwọn fi rọrùn ju ti oògùn oníhóró lọ: ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gbà á mọ́ra tó mélòó ju afẹ́fẹ́ lọ? Ọpọlọ ń gbà á mọ́ra tó mélòó ju ẹ̀jẹ̀ lọ?

Ìgò kékeré ni a fi ń dáhùn ti àkọ́kọ́. A ó da ẹ̀jẹ̀ sí i, a ó kán èròjà náà lé e, a ó dé e pinpin, a ó fi í sínú ooru 37 títí yóò fi pín ara rẹ̀ tán, a ó wá wọn èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó lé lórí ẹ̀jẹ̀. Ti éétà, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ìlọ́po 12 èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ti desflurane, tí wọ́n fi ń kun aláìsàn lóorun láyé òde òní, kò tó ìdajì: 0.42 péré.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà mọ́ra jù ni yóò tètè mú ọpọlọ. Rárá o. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ á kọ́kọ́ mu ún yó kí omi tó ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mu éétà, tí agbára rẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó dé ọpọlọ, tó sì tún ń pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Desflurane kì í fi àkókò ṣòfò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀dà tàbí èékánná: èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà mọ́ra púpọ̀, bíi asetóònù àti toluene, bí èémí bá ṣe ń le tó ni ara ń gbà á tó. Ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ń gbà ju ẹni tó jókòó sínú yàrá náà lọ.

Ìbéèrè kejì ti pẹ́, òróró ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe àfijọ ọ̀rá ọpọlọ. Hans Meyer ní 1899 àti Charles Overton ní 1901 rí i pé bí èròjà bá ṣe ń yọ́ nínú òróró tó ni ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kun ẹ̀dá lóorun tó. Halothane ń yọ́ nínú òróró ju éétà lọ dáadáa. Nǹkan bí ìdá 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó fún un, nígbà tí éétà ń fẹ́ nǹkan bí 1.9. Lẹ́yìn náà ni Michael Abraham ní University College London àti William Acree ní Texas, ní 2006, fi àbùdá èròjà àti àwọn iye tí wọ́n ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ gbé ìlànà ìṣirò kan kalẹ̀, tí a fi lè ṣírò ti èròjà mìíràn láìfọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ọpọlọ ẹnikẹ́ni. Bí èròjà bá tóbi, ó ń fà sí ọpọlọ. Bí ó bá mọ bí a ṣe ń di omi mú, ẹ̀jẹ̀ á dá a dúró. Iṣẹ́ yìí wù mí púpọ̀, nítorí pé èròjà tuntun tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún pọ̀ ju èyí tí a lè fi ìgò dán wò lọ.

Síbẹ̀, toluene ń bà mí lẹ́rù. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọ̀dọ́ kan ń fa sólúṣọ̀n, gọ́ọ̀mù tí àwọn fọkanáísà fi ń lẹ táyà, símú. Nínú àwọn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, apá funfun ọpọlọ, níbi tí ọ̀rá ti bo àwọn iṣan, ni àwòrán MRI ti ń fi ìbàjẹ́ hàn. Iye kan ṣoṣo ni ìṣirò wa sábà máa ń gbé jáde fún odindi ọpọlọ, tó da ibi tí ọ̀rá pọ̀ sí pọ̀ mọ́ ibi tí kò pọ̀ sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níhìn-ín, ẹ bá wa ya iye apá funfun sọ́tọ̀ kúrò lára ti apá aláwọ̀ eérú, níbi tí ọ̀rá kò pọ̀ sí, kí ẹ sì fi toluene bẹ̀rẹ̀.