Ilẹ̀ Tí Kò Ní Ìgbìmọ̀: Ta Ni Ń Ṣe Àkóso Rẹ̀?

Gbólóhùn kan wà tí a máa ń gbọ́ nígbàkigbà tí agbowó ìgbìmọ̀ bá wọ ọjà: àwọn ènìyàn wa a ní ìbá sàn kí ìjọba ìbílẹ̀ má sí rárá, kí olúkúlùkù máa jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní àlàáfíà. A kò wá láti bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a fẹ́ ni kí a sọ fún yín nípa ilẹ̀ kan tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ, kí ẹ gbọ́ bí ó ti rí fún wọn.

Alaska ni orúkọ ìpínlẹ̀ náà, ní ìhà àríwá jíjìn ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn odò ti ń di yìnyín fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Amẹ́ríkà rà á lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní 1867, ó sì di ìpínlẹ̀ ní 1959. Òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọ pé kí a pín gbogbo ilẹ̀ náà sí agbègbè, kí àwọn kan ní ìgbìmọ̀, kí àwọn mìíràn ṣì wà láìní in. Ní 1961, àwọn aṣòfin ka gbogbo ibi tí kò ní ìgbìmọ̀ sí agbègbè kan ṣoṣo. Títí di òní, ibẹ̀ lé ní 320,000 máìlì onígun mẹ́rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà! Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ènìyàn ní 2020, bí 77,000 péré ni àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Bethel, tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn ìlú rẹ̀, kò tó 7,000 ènìyàn, kò sì sí ọ̀nà mọ́tò tí ó so ó pọ̀ mọ́ àwọn ìlú ńlá. Ọkọ̀ òfúrufú ni a fi ń dé ibẹ̀, tàbí ọkọ̀ ojú omi nígbà tí yìnyín bá yọ́.

A kò sọ pé wọn kò ní olórí. Àwọn ìlú kan ní ìgbìmọ̀ tiwọn, àwọn ọmọ onílẹ̀ náà sì ní ìgbìmọ̀ ẹ̀yà wọn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó kó gbogbo agbègbè náà pọ̀ kò sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí owó ilé tàbí owó ilẹ̀ tí agbègbè náà ń gbà. Ẹ ó ní oríire ńlá ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a béèrè, nígbà náà, ta ni ó jókòó ní àyè ìgbìmọ̀? Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ni, 60 ènìyàn, ní ìlú Juneau lọ́nà jíjìn réré. Díẹ̀ nínú wọn ni ó sì ti agbègbè náà wá. Àwọn àgbà wa ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni ó fi èyí hàn jù lọ. Títí di nǹkan bí 1970, ní ọ̀pọ̀ abúlé, ẹ̀kọ́ a máa parí ní kíláàsì kẹjọ. Ọmọ tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú ní láti fi bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan lọ sí Sitka ní Alaska níbẹ̀. Àwọn mìíràn ni a kó jáde lọ sí Oregon, àní títí dé Oklahoma, ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì sí ilé. Kò sí ìgbìmọ̀ agbègbè kan tí òbí lè lọ bá pé, 'Ẹ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí ìlú wa.' Ní 1972 ni a pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́ nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí, orúkọ ọmọbìnrin kan láti Emmonak, Molly Hootch, ni a sì fi ń pe ẹjọ́ náà. Ní 1976, ìpínlẹ̀ gbà láti fún abúlé 126 ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Òfin 1975 sì ti fún àwọn ará ibẹ̀ ní ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọn fúnra wọn ń dìbò yàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Ní 1968 a rí epo rọ̀bì ní Prudhoe Bay, lórí ilẹ̀ àwọn Inupiat. Àwọn ènìyàn náà kò dúró kí ẹlòmíràn wá pín in fún wọn. Ní 1972 wọ́n dìbò, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún agbègbè wọn, Eben Hopson sì di olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ epo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé owó yóò jáde lápò wọn. Ní 1974, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Alaska dá àwọn Inupiat láre. Owó tí wọ́n gbà lórí ohun ìní àwọn ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì fi fa omi dé abúlé.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò gbọdọ̀ ní apá kan. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó ní epo. Ọ̀pọ̀ ará abúlé tí ó kù ń fi ẹja odò àti ẹran igbó gbé ẹ̀mí wọn ró, owó kò sì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ní kí a fi agbára mú wọn dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin 1963 ti ṣe fún àwọn agbègbè kan. Àwọn ará ibẹ̀ dáhùn pé kí ni àwọn yóò fi bọ́ ọ? Ìbéèrè gidi ni. Ìgbìmọ̀ tí kò ní owó, orúkọ lásán ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun tí a rí kọ́ nìyí: ibi tí kò ní ìgbìmọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ẹni tí ó jìnnà ni ó ń ṣe ìjọba lé e lórí. Ẹ má ṣe gbàdúrà kí ìgbìmọ̀ yín parẹ́. Ẹ lọ sí ìpàdé rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí a fi owó yín ṣe, ẹ má sì ṣe kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ èsì. Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.