Iṣẹ́ Owó Tí Kò Gba Ọkọ́ Lọ́wọ́ Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí a bá Ẹgbẹ́ sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí irú iṣẹ́ owó tí ó lè bá ìgbé ayé ilé àti oko mu. A gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tí ó ń jáde lọ́dọọdún. Baba wọn fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ilé-ẹ̀kọ́ sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n á wá bi wá pé: “Ṣé kí a fi oko sílẹ̀ lọ wá owó ni, tàbí kí a fi owó sílẹ̀ dúró ti oko?” Èsì wa ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kí a má tan ara wa jẹ. Oko a máa bọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń fi iṣu san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn kì í gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ aláìsàn. Owó kò ṣeé ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n kí a tún wo ẹni tí ó ń gbé ìlú wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ìrìn nǹkan bí 100 kìlómítà. Ó ń jáde kí àkùkọ tó kọ, ó sì ń wọlé nígbà tí adìẹ ti sùn. Láti ọjọ́ 29 oṣù May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ ti di ẹrù ńlá. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀nà, òun ni kí ó gbé sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ ì bá mú wá bí kò bá di igbó.

Nítorí ilẹ̀ tí a kò ro kì í dúró de olówó rẹ̀. Igbó á hù, a ó sì fa pèrègún ààlà tu. Ọmọ tí kò dé oko rí kò ní mọ ibi tí ti baba rẹ̀ pin sí. Ẹjọ́ á dé, a ó sì ta ilẹ̀ láti fi san owó ẹjọ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ogún ìdílé púpọ̀ ṣe ń lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni pẹ̀lú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà àjèjì ni kí ènìyàn ní oko kí ó sì ní iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń hun agbọ̀n, tí ó ń mọlé, tí ó sì ń bo òrùlé. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ni ó mọ ọgbọ́n náà jù. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde ń hun aṣọ olónà lórí òfì tí ó dúró ṣánṣán nínú ilé. Àwọn Ìjọ àti Kalabari ní etí òkun ń rà á fún ohun iyì. Oríṣi kan ni àwọn Kalabari ń pè ní ikakibite, èyí tí ó túmọ̀ sí aṣọ ìjàpá. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti kejìdínlógún, àwọn oníṣòwò láti Yúróòpù ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ń kó o lọ sí Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, àti sí Bùràsíìlì. Láti inú ilé ni aṣọ tí ó la òkun kọjá ti jáde!

Kí ni ó mú kí iṣẹ́ yìí bá ilé mu? Òfì kì í bínú. Bí ọmọ bá ké, ìyá á dìde. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, á lọ gbin àgbàdo. Nígbà tí ó bá padà, òwú ṣì wà níbi tí ó fi í sí. Láti ara òfì yìí ni a ti rí ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí olúkúlùkù bi iṣẹ́ kí ó tó dáwọ́ lé e. Èkíní: ṣé iṣẹ́ yìí lè dúró dè wá? Èkejì: ìgbà wo nínú ọdún ni ó máa ń pè wá, ṣé kì í ṣe ìgbà tí oko náà ń pè? Ẹ̀kẹta: ta ni ó ń dá iye lé e, ìgbà wo sì ni owó ń dé?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè wọ̀nyí wo àwọn iṣẹ́ tí ó wà nítòsí wa. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara gàárì, nítorí òun ni ó gbé orúkọ wa lọ jìnnà jù. Ẹ̀gẹ́ ní sùúrù nínú ilẹ̀: bí ó bá ti gbó, ó lè dúró fún oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá bí a bá ti wú u, nítorí pé láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Gàárì Ìjẹ̀bú kan nítorí pé a ń jẹ́ kí ó bà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó kù ú, kí a sì yan án. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí ó fi ń bà wọ̀nyí, ọwọ́ wa ṣófo: ẹni tí ó bẹ́ ẹ̀gẹ́ tí ó sì rìn ín lónìí lè lọ sí oko tàbí sí ibi iṣẹ́ lọ́la àti lọ́túnla. Nítorí náà iṣẹ́ náà bá wa mu, bí a bá ń wú ẹ̀gẹ́ ní poro-poro gẹ́gẹ́ bí agbára wa ti mọ. Ẹni tí ó wú gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà ti fọ́ àká ara rẹ̀, yóò sì tà ní iye tí oníbàárà bá fẹ́. Kí a má sì gbàgbé èéfín ibi tí a ti ń yan gàárì: ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ìyá wa kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́jà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé adìẹ ẹlẹ́yin ni iṣẹ́ ilé tí ó rọrùn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adìẹ yóò jẹun fún nǹkan bí ogún ọ̀sẹ̀ kí ó tó yé ẹyin kan, àti láti ọjọ́ náà lọ yóò máa béèrè oúnjẹ àti omi ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ ìsinmi àti ní ọjọ́ ọdún. Ìtòsí ilé ni ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dúró dè wá. Ilé tí kò bá ní ju ènìyàn kan tí ó lè ṣọ́ ọ, kí ó jìnnà sí i.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ní àkókò. Gbogbo wa mọ bí àwọn aránṣọ kì í ti í sùn tí Ojúde Ọba bá súnmọ́lé, tí regbẹ́regbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wá aṣọ tí yóò fi yọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá a sì máa fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Ní 2024 àti 2025, inú oṣù June ni ó bọ́ sí; ní nǹkan bí 2030 yóò bọ́ sí oṣù April, nígbà tí òjò ń pe àgbẹ̀. Aránṣọ tí ó ní oko níláti ro èyí ṣáájú, kí ó sì wá ẹni tí yóò bá a gbin oko ní ọdún bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹnìkan kò lè dá ṣọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fi ọ̀wẹ̀ ṣọ́ ọ. Àpẹẹrẹ wà nítòsí wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tí ó di olóògbé ní oṣù August 2022, wà lára àwọn tí ó ṣíwájú nígbà tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde péjọ láti fi ìmọ̀ràn jà pẹ̀lú ìṣẹ́. Láti inú ìsapá náà ni abúlé ẹlẹ́ja ti Eriwe ti jáde, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń sin ẹja àrọ̀ nínú adágún tí a gbẹ́ sí ojú kan. Ẹja náà ń dàgbà tó títà láàárín oṣù bí mẹ́rin sí mẹ́fà. Nígbà tí adágún bá wà pọ̀ lójú kan, ẹnìkan lè bọ́ ẹja fún ẹnìkejì rẹ̀. Àáró àwọn baba wa náà ni èyí, inú omi ni a gbé e sí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ńkọ́? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òfin yóò mú òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá dáko. Kí ọkàn wọn balẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Karùn-ún, kọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní kíkún láti máa ṣe òwò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ gbangba pé kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀. Oko nìkan ni òfin náà yọ̀ǹda! Tai Solarin, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, mú kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa fi ọwọ́ ara wọn dáko, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ìwé wọn kéré nítorí rẹ̀. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì pàápàá pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní: “Ẹ kò sọ̀rọ̀ nípa fóònù.” A ó sọ ọ́. Kíkọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà ní èdè Yorùbá lórí fóònù, títẹ ìwé, ṣíṣe ògbufọ̀, gbogbo wọn ni ó ṣeé ṣe láti abúlé, bí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. A sì lè fi ìrọ̀lẹ́ ṣe é, lẹ́yìn oko. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: agbanisíṣẹ́ ni ó ń sanwó fún òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí ó tó fún yín ní iṣẹ́, olè ni, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó. Bákan náà ni kí ẹ sá fún gbèsè orí fóònù tí a ń yá ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kì í ṣe òun ni a fi ń ra irúgbìn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kì í dùn ún gbọ́. Ní 2024 ni òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jùlọ di N70,000. Ṣùgbọ́n òfin náà kò bo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún apá kan ọjọ́, tàbí ẹni tí a ń sanwó fún gẹ́gẹ́ bí iye ohun tí ó ṣe, tàbí òṣìṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà irú ti oko. Irú iṣẹ́ tí a ń yìn lónìí gan-an ni òfin fi sílẹ̀ sí ìta. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá yàn án níláti jẹ́ amòfin ara rẹ̀. Kí ó ní ìwé kékeré kan; kí ó kọ iye òwú, igi ìdáná, owó ọkọ̀ àti wákàtí tí ó lò sílẹ̀, kí ó tó dárúkọ iye fún ẹnikẹ́ni. Kí ó sì máa dá èsúsú ní oṣù tí owó bá wọlé, nítorí oṣù tí kò ní wọlé ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́. Nígbà púpọ̀, iṣẹ́ tí a ń pè ní iṣẹ́ ilé, èjìká obìnrin kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa ń bọ́ sí: oko, òfì, ọmọ àti ààrò. Ilé bẹ́ẹ̀ kò rí iṣẹ́ tí ó bá a mu. Ìwọ̀fà ni ó rí. Kí a pín in kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Òótọ́ ni, bí eku méjèèjì bá sá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a bá fara balẹ̀ yàn kì í sá fún oko. Apá kejì ni ó jẹ́ fún un, ẹyẹ kì í sì í fi apá kan fò. Nítorí náà a bẹ Ẹgbẹ́ yìí fún ohun mẹ́ta: kí a wá àwọn ìyá tí ó ṣì mọ òfì olónà rí, kí a sì fi ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin sọ́dọ̀ wọn kí ọgbọ́n náà tó bá wọn lọ, kí àwọn ìdílé tí oko wọn bá ara wọn pààlà dá àáró padà sílẹ̀, kí olúkúlùkù baba sì mú ọmọ rẹ̀ dé ìdí pèrègún ààlà ilẹ̀ rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.