Ọgbà Stowe: Bí Lọ́ọ̀dù Cobham Ṣe Fi Òkúta Dá Olórí Ìjọba Lóhùn

Ní ọdún 1733, Robert Walpole, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbé àbá owó orí tuntun lórí wáìnì àti tábà wá sí Ilé Aṣòfin. Ariwo ta. Àwọn oníṣòwò yarí, ará Lọ́ńdọ̀nù bínú, Walpole fúnra rẹ̀ ló sì kó àbá náà kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé àwọn tó takò ó. Ọ̀kan nínú wọn ni Richard Temple, Lọ́ọ̀dù Cobham, ọ̀gágun tó ti jagun lábẹ́ Marlborough. Wọ́n gba ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tó ń darí lọ́wọ́ rẹ̀. Cobham kọjú sí ilé rẹ̀ ní Stowe, nítòsí ìlú Buckingham, níbi tó ti ń tún ọgbà ṣe tipẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé inú ọgbà sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn ilé kéékèèké tó wà ní Stowe kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n. Ẹni tó bá rìn láàárín wọn láì mọ ìjà tó bí wọn, òkúta àti ewéko nìkan ló rí.

Agbègbè Buckinghamshire kò ṣàìní àwọn ilé ńlá mìíràn. Ní West Wycombe, Francis Dashwood wa ẹfun láti inú òkè fi ṣe ọ̀nà, ihò tó kù lẹ́yìn iṣẹ́ náà sì di ibi ìran wíwò. Ní Hartwell, ọba Faransé, Louis Kejìdínlógún, gbé gẹ́gẹ́ bí ìsáǹsá láti 1809 títí di 1814. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ilé inú ọgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó ti Stowe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni àfonífojì kékeré tí William Kent ṣètò, tí wọ́n ń pè ní Elysian Fields. Lórí gegele kan ni tẹ́ḿpìlì rìbìtì wà, èyí tí Cobham kọ́ fún ìwà rere ayé àtijọ́. Ère àwọn ará Gíríìsì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Homer akéwì, Socrates amòye, Lycurgus aṣòfin àti Epaminondas ajagun. Kò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ òmíràn fún ìwà rere òde òní. Àwókù ni wọ́n kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé ère kan tí kò lórí síbẹ̀. Àwọn àlejò ìgbà náà kò wulẹ̀ béèrè ẹni tí ère náà jẹ́. Walpole ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kà á sí.

Ní òdìkejì omi, Cobham to ère ènìyàn mẹ́rìndínlógún tó kà sí akọni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí ògiri kan. Ọba Alfred àti Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Shakespeare, Milton, Newton àti Locke. John Hampden, ọmọ Buckinghamshire tó kọ̀ láti san owó ọkọ̀ ojú omi tí Ọba Charles Kìíní bù lé àwọn ènìyàn lórí, wà láàárín wọn. Ẹni tó yẹ kí á tẹjú mọ́ jù ni John Barnard. Oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù ni, ó ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, òun sì wà lára àwọn tó gbógun ti àbá owó orí Walpole jù lọ nílé aṣòfin. Nígbà tí Cobham gbé oníṣòwò yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọba, ẹnikẹ́ni tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìlú mọ ẹni tó ń bá wí.

Francis Drake náà wà lórí ògiri yẹn, ó sì yẹ kí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n yìn ín pé ó wọ ọkọ̀ yí ayé po. Wọn kò sọ pé ní 1567 ó bá John Hawkins wá sí etíkun wa, nínú ìrìn-àjò tí wọ́n ti kó ènìyàn lẹ́rú lọ tà fún àwọn ará Sípéènì ní òdìkejì òkun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹrú kò sì tán nínú ìtàn ilé náà: ní 1796, àrólé Stowe fẹ́ Anna Eliza Brydges, ẹni tí oko ìrèké Hope ní Jàmáíkà, oko tí àwọn ẹrú ń ro, jẹ́ ara ogún rẹ̀. Gbogbo èyí so mọ́ ọgbà tí a fi ń yin òmìnira. Èèyàn kò gbọdọ̀ fi ẹwà ibẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Òmìnira gan-an ni Cobham ya tẹ́ḿpìlì Gothic tó ní kí James Gibbs kọ́ ní 1741 sí mímọ́ fún. Igun mẹ́ta ni ilé náà ní, òkúta rẹ̀ pupa rúsúrúsú, kò sì jọ ìyókù tó fara wé ti Róòmù. Lójú Cobham àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn baba ńlá wọn, ìran Saxon, ló dá òmìnira sílẹ̀, kì í ṣe Róòmù. Àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú tó ń kóra jọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kò kéré: William Pitt àti George Grenville, ọmọ arábìnrin Cobham, di olórí ìjọba lẹ́yìn náà.

Ọgbọ́n tó mú kí àwọn ilé wọ̀nyí dà bí ẹni pé wọ́n hù láàárín pápá jẹ́ ti Charles Bridgeman. Ó gbẹ́ yàrà yí ọgbà ká. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí pápá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilé jẹ́ ògiri tó dúró ṣánṣán, tí orí rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Màlúù kò lè gùn ún wọlé, ẹni tó sì dúró lójú fèrèsé kò rí odi kankan. Lancelot Brown, tó di olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà níbẹ̀ ní 1741, kọ́ ọgbọ́n yìí dáadáa kó tó lọ ṣe ọgbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣọ́ọ̀ṣì Stowe ló ti gbéyàwó ní 1744. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà, igi sì bò ó. Abúlé tó yí i ká ti pòórá kí ojú ìran olówó lè mọ́.

Cobham fẹ́ kí àwọn ènìyàn wá wo ọgbà náà. Ó ti kọ́ ilé àlejò kan sẹ́nu ọ̀nà láti 1717, nígbà tó sì di 1744, Benton Seeley tẹ ìwé atọ́nà fún àwọn àlejò, irú àkọ́kọ́ fún ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Gbèsè ló ba Stowe jẹ́. Gbèsè Díúkì Buckingham Kejì, ẹni tó jogún ilé náà lẹ́yìn náà, lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, ní 1848 wọ́n sì fi ogójì ọjọ́ ṣe gbàǹjo ẹrù ilé náà. Ilé àti ilẹ̀ di títà ní 1921, ilé-ẹ̀kọ́ sì ṣí síbẹ̀ ní 1923. Ọdún 1989 ni ọgbà bọ́ sọ́wọ́ àjọ National Trust, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa àwọn ère tí títà ti fọ́n ká. Méjì nínú ère àwọn òrìṣà Saxon tí Rysbrack gbẹ́ fún Cobham wà ní Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àfijọ wọn ló dúró ní Stowe báyìí.