Púrì, Ìlú Òrìṣà Létí Òkun

Ohun méjì ni àlejò máa ń wá lọ sí ìlú Púrì, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà: òkun àti tẹ́ḿpìlì. Òkun kò ní ìlẹ̀kùn; ẹnikẹ́ni ló lè tẹ iyanrìn rẹ̀, kí ó sì wẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ḿpìlì Jagannath, tí ó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó lé, ní aṣọ́nà. Ẹlẹ́sìn Híńdù nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Ní 1984, Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà fúnra rẹ̀, kò rí àyè wọ ibẹ̀, nítorí pé ọkọ tí ó fẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù.

Ìtumọ̀ Jagannath sì ni Olúwa Ayé. Báwo ni Olúwa Ayé ṣe wá ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ aráyé?

Ọdún Ratha Yatra ni ìdáhùn àwọn ará Púrì. Ní oṣù Òkúdù tàbí Agẹmọ, wọn a gbé Jagannath, Balabhadra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Subhadra àbúrò rẹ̀ obìnrin jáde sórí kẹ̀kẹ́ gàgàrà mẹ́ta tí wọ́n ń fi igi kàn ní ọ̀tun lọ́dọọdún. Ẹsẹ̀ 16 ló gbé ti Jagannath. Ọba ìlú a fi ìgbálẹ̀ oníwúrà gbá wọn, bí ẹni tí í ṣe ìránṣẹ́. Ogunlọ́gọ̀ a sì fi okùn fà wọ́n lọ sí tẹ́ḿpìlì Gundicha. Lọ́jọ́ náà, ẹni tí kò lè wọlé lọ bá òrìṣà, òrìṣà ló jáde wá bá a.

Ǹjẹ́ ìjáde ọdọọdún yìí tó? Ní 2018, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà dábàá pé kí wọ́n ro ti ṣíṣí ìlẹ̀kùn náà fún gbogbo ènìyàn. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.